Ọkà Báálì Lójú Àbúrò Mi

Màmá Póláǹdì gbé àbúrò mi lé itan, ó fi ìka méjì mú hóró ọkà báálì kan, ó sì rọra fi kan eéwo tó yọ sí ìpéǹpéjú rẹ̀. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, báàgì ilé ìwé ṣì wà léjìká mi. Ọbẹ̀ ọkà báálì àti olú ń hó lórí sítóòfù, òórùn rẹ̀ borí èyí tí atẹ́gùn máa ń gbé wá bá wa láti Crossness, níbi tí wọ́n ti ń sẹ́ omi ìdọ̀tí ìlú.

Aládùúgbò wa ni ìyá àgbà yìí ní Thamesmead Moorings, ní Lọ́ńdọ̀nù. Nọ́ọ̀sì ni màmá wa, kì í tètè dé, ìyá yìí ló ń tọ́jú wa lẹ́yìn ilé ìwé. Èmi ni mo ń bá a ṣa ọkà, èmi ni mo ń fọ̀ ọ́. Àbúrò mi ló ni itan.

Ìyá ju hóró náà sínú iná gáàsì, ó ta pàù. Ó ní bó ṣe jó yẹn ni eéwo náà yóò ṣe gbẹ. Ó wá ń sọ ọ́ sí i létí jẹ́jẹ́ pé jęczmień ni wọ́n ń pe ọkà báálì lédè àwọn, orúkọ yẹn náà ni eéwo ojú ń jẹ́, torí ó rí roboto bíi hóró ọkà. Ó ní àwọn àgbà kan gbà pé ara ọ̀rọ̀ kan tó túmọ̀ sí ohun tó tẹ̀ ni wọ́n ti fa orúkọ ọ̀hún yọ: bí ọkà báálì bá gbó, á tẹrí ba.

Àbúrò mi ni ìyá sọ ọ́ fún o, kì í ṣe èmi tí ọwọ́ mi máa ń bó nínú omi ọkà.

Lọ́jọ́ kejì, mo fi ẹ̀ṣẹ́ ra ojú nínú bọ́ọ̀sì títí ó fi pọ́n bí epo. Mo ní, "Grandma, ẹ bá mi wo ojú mi."

Ó wọ awò, ó wò ó dáadáa. "Kò sí ọkà níbí. Owú ni mo rí. Lọ fọwọ́, ká ṣa ọkà."

Àbúrò mi bú sẹ́rìn-ín lórí itan.

Ìyá ti dolóògbé tipẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nílé mi ní Woolwich, àbúrò mi ń ròyìn rẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀, "ìyá àgbà mi" ló ń pè é, bí ẹni pé òun nìkan ló bá a gbé. Ó fẹ́ dárúkọ ọkà náà, ó gbàgbé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni Grandma máa ń pè é?"

Jęczmień: ó wà lẹ́nu mi, mo fi pamọ́. Mo bu ọbẹ̀ kún abọ́ àwọn ọmọ, ọbẹ̀ ọkà báálì tí mo fọwọ́ ara mi ṣà.

Ó yẹ kí n ti gbó bí ọkà báálì, kí n tẹrí ba. Ṣùgbọ́n itan ìyá ni tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ni tèmi.