Ọmọdé Ló Wà Láàárín Òkun

Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni mí nígbà náà. Mo ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní Ìsọlọ̀, mo sì gbà pé kò sí ohun tí wọn yóò tún fi kọ́ mi. Olùkọ́bìnrin kan dé láti kọ́ jọ́gíráfì, wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ dán an wò ná. Ọ̀gá àgbà ní kí n jókòó lẹ́yìn kíláàsì rẹ̀, kí n wá sọ bóyá kí wọ́n gbà á pátápátá tàbí kí ó máa lọ.

Òkun tí yìnyín bò ní òkè téńté ayé ló ń kọ́ wọn lọ́jọ́ náà. Ó ní ilẹ̀ méjì ló ń fà ya kúrò lára ara wọn díẹ̀díẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀. Àpáta yíyọ́ ń ru sókè lójú ibi tó ya, ó ń dì, ó ń di ìsàlẹ̀ òkun. Bó bá tún ya, tuntun a tún gba àárín. Ó fi ṣọ́ọ̀kì pupa kun àárín àwòrán rẹ̀. "Nítorí náà, àárín ló kéré jù lọ́jọ́ orí. Etí méjèèjì ni àgbà."

Mo dìde. Nílé wa, bí ẹbí bá pé jọ, àgbà ní ń jókòó sáàárín, ọmọdé a wà létí ẹní. Ojú yẹn ni mo fi wo òkun. Mo ní, "Àǹtí, níbo lẹ ti rí ọmọdé tó lé àgbà sétí ẹní?" Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ó rọra kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, sà." Kí wọ́n tó jáde ìsinmi, wọ́n ti ń pè é ní Àǹtí Ọmọdé Àárín.

Mo délé, mo ṣí ìwé. Òun ló tọ̀nà. Lọ́jọ́ kejì, mo wọ ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà, mo pa ilẹ̀kùn dé, mo ní kí wọ́n gbà á. Wọ́n gbà á. Ó wá kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, èmi náà sì gba ọpẹ́ rẹ̀! Ṣùgbọ́n n kò padà sí kíláàsì yẹn. Mo ní bí àgbà bá tọrọ àforíjì lójú ọmọdé, ta ni yóò tún bẹ̀rù rẹ̀? Títí mo fi fẹ̀yìntì, orúkọ yẹn ni wọ́n ń fi pè é.

Láìpẹ́ yìí, ọkùnrin kan dọ̀bálẹ̀ kí mi ní ibùdókọ̀ Bọ́ládé. Ọmọ kíláàsì yẹn ni. "Sà, ẹ rántí Àǹtí Ọmọdé Àárín? Ẹ gbá wọn mú lọ́jọ́ yẹn o!"

Mo ní, "Òótọ́ ni wọ́n sọ. Èmi ni mo ṣì í."

Ó rẹ́rìn-ín títí. "Sà, ẹ ò tíì fi àwàdà yín sílẹ̀!" Ó fò mọ́ bọ́ọ̀sì, ó lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, mo bẹ̀ yín: ibi tí ẹ bá ti dójú ti ènìyàn ni kí ẹ ti tún un ṣe, nígbà tí àwọn tó gbọ́ ṣì wà níjòókòó.