Ẹni Tí Yóò Wẹ Ìyá

Ní àdúgbò Ìpàtà, bí obìnrin bá kú, Kùdírátù, ìyá Sadiya, ni wọ́n máa ń sáré pè. Ẹ̀wà àti ọkà bàbà ló ń tà lọ́jà. Òkú wíwẹ̀ ní tiẹ̀, nítorí Ọlọ́run ló ń ṣe é. Yóò da aṣọ bo ẹ̀wà, ó di ilé olókùú. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, Alhaja Huda, ló ti kọ́ ọ. "Kùdírátù, ìwọ lo máa wẹ̀ mí," ni ìyá máa ń wí, bí ẹni tó ń ránni níṣẹ́ lásán. "Mi ò fẹ́ ọlọ́wọ́ líle kankan lára mi."

Àfi bí kíndìnrín Kùdírátù méjèèjì ṣe daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún kan. Ìyá fún un ní ọ̀kan nínú tirẹ̀, ó sì ní kí ẹnikẹ́ni má gbọ́. Láti ìgbà náà ni Kùdírátù ti ń lo oògùn láàárọ̀ àti lálẹ́, kí ara rẹ̀ má baà lé àlejò náà jáde.

Nígbà tí abẹ́rẹ́ kòrónà tí wọ́n ń pè ní mRNA dé Ìlọrin, tìyátọmọ jọ lọ gbà á. Ìyá gba ẹyọ kan, ó ní ó tó. Àwa ará àdúgbò bẹ̀ ẹ́ títí, ó kọ̀ jálẹ̀. Ẹ mọ orí kunkun àwọn àgbà wa. Kùdírátù gba tiẹ̀ pé. Dókítà Ayọ̀dèjì, ọmọ Ọ̀mù-Àrán tó ń tọ́jú rẹ̀, wá yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

"Ìyá Sadiya, kì í ṣe kòkòrò ló wà nínú abẹ́rẹ́ yẹn," ló wí. "Ó kàn ń kọ́ ara bí kòkòrò náà ṣe rí, kí ara lè pèsè ohun tó máa dá a dúró. A ò rí ohun ìdènà náà nínú ẹ̀jẹ̀ yín."

"Ó já sí pé kò ṣiṣẹ́?"

"Ó lè ti ṣiṣẹ́ níbòmíì. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí wọ́n ń pè ní T. Ọmọ ogun ara ni wọ́n, wọ́n sì máa ń rántí ọ̀tá. Wọ́n lè ti kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n àwọn kan náà ni wọn ì bá gbógun ti kíndìnrín yín. Àwọn ni oògùn yín ń kì mọ́lẹ̀."

"Ẹ bá mi yẹ̀ wọ́n wò, Dókítà."

"A ò ní ohun tí a máa fi yẹ̀ wọ́n wò níbí, mà."

"Tí mo bá fi oògùn náà sílẹ̀ díẹ̀ ńkọ́?"

"Kíndìnrín ìyá yín lè bàjẹ́. Ẹ má dán an wò."

Irú ìjàngbọ̀n wo nìyí! Kí èèyàn ní ọmọ ogun lára, kó má mọ̀ bóyá wọ́n sùn tàbí wọ́n jí, kó má sì rí ẹni tó máa bá a wò ó.

Nígbà ọyẹ́, kòrónà mú Alhaja Huda. Ojú fèrèsé ni ọmọ ti ń kí i, títí ilẹ̀ ọjọ́ kan fi mọ́ tí ìyá kò dáhùn mọ́. Kùdírátù pe dókítà lórí fóònù, ó ń sunkún, ó ní kó jẹ́ kí òun wọlé lọ wẹ òkú ìyá òun.

"Àwọn tí ara wọn le lè wẹ̀ wọ́n, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú," ni dókítà wí. "Ẹ̀yin tí oògùn ti kì ọmọ ogun ara yín mọ́lẹ̀ kọ́. Mo bẹ̀ yín."

Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ti wẹ gbogbo obìnrin àdúgbò ṣe dúró sẹ́yìn fèrèsé. Lami, tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ló kó àwọn obìnrin yòókù tó ń wẹ òkú sínú yàrá.

"Apá ọ̀tún ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀," ni Kùdírátù ń pariwo. "Omi yẹn ò gbọdọ̀ tutù o! Ìyá ò fẹ́ràn omi tútù."

"A gbọ́, Ìyá Sadiya." Lami ló dáhùn. "Àpá ńlá kan wà ní ìhà wọn o."

Kùdírátù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ẹ rọra fọ ibẹ̀. Ohun tí wọ́n yọ níbẹ̀ wà lára mi."

Omi dákẹ́ nínú yàrá. Nígbà tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í dà, ó ń dà jẹ́jẹ́.

Fóònù rẹ̀ dún: àkókò oògùn ti tó. Ó da hóró oògùn sí àtẹ́lẹwọ́, ó sì pa ọwọ́ dé. Ì bá ṣe pé òun lè jí àwọn ọmọ ogun yẹn lónìí nìkan, kí òun wọlé, kí òun jíṣẹ́ tí ìyá rán òun. Nínú ilé, Lami ní kí wọ́n gbé làkáfánì, aṣọ òkú, wá.

Kùdírátù la ọwọ́, ó gbé oògùn náà mì, kí ohun kan ṣoṣo tó kù láàyè lára ìyá rẹ̀ má baà kú.