Búlúù Tí Ìyá Dora Rí

Ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù Ọlámipọ̀sí ni mo ti ń ránṣọ ní Òkìtìpupa, n kò sì kọ́kọ́ gbà pé nọ́ńbà lè jẹ́ àwọ̀. Tèmi, bí mo bá fẹ́ òwú búlúù, mo máa mú òwú búlúù. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọmọbìnrin yìí ni láti fi kọ̀ǹpútà kun fọ́tò àtijọ́ tí kò ní ju dúdú àti funfun lọ. Bí oníbàárà bá ní aṣọ náà dà bí epo, kì í méfò. Á bu epo sínú ìgò, á yà á ní fọ́tò nínú oòrùn, kọ̀ǹpútà á sì fún un ní kóòdù rẹ̀.

"Kò le, Àǹtí," ló wí fún mi. "Ọ̀nà mẹ́ta ni kóòdù pín sí: ti iwájú fún pupa, ti àárín fún àwọ̀ ewé, ti ẹ̀yìn fún búlúù. Òdo méjì, kò sí níbẹ̀ rárá. Lẹ́tà F méjì, ó kún dẹ́nu. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá kún, funfun nìyẹn."

Mo ní irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí nínú ìkòkò aró. Ó ní ìmọ́lẹ̀ lòun ń pò, òun kò pa aró. Inú bí mi díẹ̀, mo sì padà sídìí ẹ̀rọ mi.

Ọjọ́ kan ni Ìyá Dora dé láti Ìjù-Odò, Olúsọjí ọmọ rẹ̀ dì í lọ́wọ́ mú. Ibà ló pa Dora nígbà tó wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, fọ́tò kan ṣoṣo ló sì kù. Gáùn búlúù tí ìyá rẹ̀ fọwọ́ rán ló wọ̀ nínú rẹ̀. Ojú ọ̀tún màmá ti lọ, dókítà sì ti sọ pé tòsì kò ní pẹ́ tẹ̀lé e.

"Mo fẹ́ rí ọma mi nínú aṣọ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i," ló wí.

Ọlámipọ̀sí gbé búlúù jáde lóríṣiríṣi. "Éè ṣe eléyìí," ni màmá ń wí. Ọ̀kan rí bí eérú, òmíràn bí ewé tó gbẹ. Olúsọjí bú sẹ́kún, ó ní ìyá òun ti gbàgbé. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀, àánú ṣe mí.

Ọlámipọ̀sí wá pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ojú kọ̀ǹpútà funfun báláú. Màmá tẹjú mọ́ ọn. "Ta ló da epo sí i?"

Ìgbà yẹn ló tó yé wa. Màmá kò gbàgbé ohunkóhun. Ojú rẹ̀ ló ń da epo sí gbogbo nǹkan. Ọlámipọ̀sí bẹ̀rẹ̀ sí í dín pupa àti àwọ̀ ewé, tí í para pọ̀ di àwọ̀ epo nínú ìmọ́lẹ̀, kù lára funfun náà, ó ń bi màmá léèrè bó ṣe ń dín in, títí màmá fi ní, "Ó ti mọ́ wàyí." Ìwọ̀n tó dín kù níbẹ̀ náà ló dín kù lára búlúù aṣọ Dora nínú fọ́tò.

Màmá na ọwọ́. "Òun nìyí! Dora, òun nìyí!" Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, tèmi náà kò gbẹ.

Olúsọjí yarí. "Èyí ti le jù, ó ń ta mọ́ni lójú! Aṣọ Dora kò rí báyìí."

"Òótọ́ lẹ sọ, Bọ̀dá," ni Ọlámipọ̀sí dáhùn. "Ṣùgbọ́n ojú ta la fẹ́ fi wò ó?"

Olúsọjí yí ojú sí ìyá rẹ̀. Èyí tí ìyá rẹ̀ mú ni wọ́n tẹ̀ jáde.

Màmá kò ríran mọ́ báyìí. Mo lọ kí i lóṣù tó kọjá, fọ́tò náà wà lára ògiri pálọ̀, búlúù rẹ̀ ń kọ yẹ̀rì. Àlejò kan ní ṣé kò yẹ kí wọ́n tún un kùn, torí àwọ̀ yẹn ti pọ̀ jù.

"Ẹ fi sílẹ̀," ni Olúsọjí wí. "Bí màmá mi ṣe rí ọmọ rẹ̀ gbẹ̀yìn nìyẹn."