Àpò Lórí Fóòmù, Ènìyàn Lórí Àga

Ní àwọn ọdún tí owó ń ṣàn ní Dublin, ọ̀rọ̀ ilé nìkan ló wà lẹ́nu àwọn ará ìlú náà. Wọ́n ń ra ilé tí wọn kò tíì fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀. Wọ́n ń tò sórí ìlà láti ìdájí nítorí ilé tó ṣì jẹ́ àwòrán lórí bébà. Ẹni tó ti ní ọ̀kan ń wá èkejì létí òkun ní orílẹ̀-èdè tí kò lè fi ìka tọ́ka sí lórí máàpù. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì, nítorí náà mo bi ọ̀kan nínú wọn léèrè pé níbo gan-an ni Bọ̀lìgéríà wà. Ó ní, "Ní apá ibi tí oòrùn wà." Ilé méjì ló ní níbẹ̀.

Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ irú àwọn tí mo bá rìn nígbà tí mo tẹ̀lé aládùúgbò mi lọ sí ìrìn àjò mímọ́ àwọn Kátólíìkì, tí àwa méjèèjì ń wá ibi tí a ó sùn sí láàárín àwọn tí ilé pọ̀ lọ́wọ́ wọn ju èèyàn tí yóò gbé inú rẹ̀ lọ.

Ọ̀dọ̀ ọmọ mi ọkùnrin ni mò ń gbé nígbà náà, ní Rush, létí òkun, níbi tí wọ́n ti ń gbin kábéèjì sóko, tí wọ́n sì ń gbin tòmátò sínú ilé onígíláàsì. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ní Ìbàdàn. Aládùúgbò mi jẹ́ obìnrin arúgbó tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ gbin ewébẹ̀. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wọ bọ́ọ̀sì níbẹ̀, òun náà ló máa ń gbé kábéèjì sẹ́nu ọ̀nà wa láìkan ilẹ̀kùn. Lọ́dọọdún, nígbà ooru, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin máa ń fẹsẹ̀ rìn láti etí òkun Rush, wọn a gba àárín Dublin kọjá, títí dé ibi kànga mímọ́ kan ní ẹsẹ̀ òkè lápá gúúsù. Lọ́dún yẹn, ẹ̀gbọ́n wà lórí ibùsùn, kò lè dìde. Ó ní kí àbúrò òun rìn ín dípò òun, ṣùgbọ́n ó fi ọ̀rọ̀ kan dè é: kò gbọdọ̀ wọ mọ́tò títí tí yóò fi dé ibi kànga náà. Tó bá wọ̀ ọ́, bó ti wù kí ọ̀nà náà kúrú tó, kó má wulẹ̀ wá sọ pé òun ti bá ẹ̀gbọ́n òun rìn ín. Aládùúgbò mi sì jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún un.

"Mọ́mì, ìrìn àwọn Kátólíìkì ni o," ọmọ mi wí fún mi. "Alhaja sì ni yín."

"Ẹsẹ̀ mi kò mọ ẹ̀sìn. Ta ni yóò bá obìnrin yẹn gbé àpò? Ṣé ìwọ ni?"

Ọmọ-ọmọ mi obìnrin, tí wọ́n bí sí Dublin níbẹ̀, gbójú sókè kúrò lórí fóònù. "Ah, Grandma'll be grand, Dad."

Mo mọ̀ pé "grand" ni wọ́n ń pe dáadáa níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo ní kó sọ ọ́ ní Yorùbá. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Grandma máa grand." Mo gbà á bẹ́ẹ̀.

Ọkùnrin tó ṣètò ìrìn náà, ilé títà ni iṣẹ́ rẹ̀, bó sì ṣe ń ta ilé náà ló ṣe ń ṣètò ìrìn. Ó ní fóònù méjì, ó ní bàtà ìgun-òkè tí ẹrẹ̀ kò tíì kàn rí, ó sì ní ẹ̀rín kan tí kì í dé ojú. Ètò rẹ̀ rọrùn láti ṣàlàyé. Ní gbogbo ibi tí a bá ti fẹ́ sùn, gbọ̀ngán ìjọ kan wà tí wọ́n tẹ́ fóòmù pẹlẹbẹ sí nílẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni yóò kọ́kọ́ mú. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń fi mọ́tò rán àpò wọn ṣáájú. Nígbà tí àwa ẹlẹ́sẹ̀ fi máa dé, àpò ti jókòó sórí gbogbo fóòmù. Àpò olówó ńlá ni wọ́n, oníbọ́tìnì àti okùn jáńtírẹrẹ, ẹ ó rò pé wọ́n fẹ́ gun òkè tó ga jù láyé. Kànga ni à ń lọ.

Ní alẹ́ àkọ́kọ́, aládùúgbò mi sun orí àga ike. Ó ní kò burú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, orúnkún rẹ̀ ọ̀tún ti wú bí àgbọn kékeré. Mo fi òrí pa á, mo fi ìborí mi dì í, a sì ń lọ. Mi ò sọ nǹkan kan fún ọkùnrin onílé títà náà. Ìlú onílùú ni mo wà, ẹ̀sìn ẹlẹ́sìn ni mo sì ń bá wọn ṣe. Mo kàn ń wò wọ́n ni.

Kí ẹ má rò pé àwọn aláwọ̀ funfun nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo lọ Hájì, mo rí Alhaji tiwa kan ní Mínà tó na aṣọ rẹ̀ gba àyè èèyàn mẹ́ta nínú àgọ́, tó wá jókòó sí ìkangun rẹ̀ tó ń ka tẹ̀sùbáà bí ẹni pé áńgẹ́lì ló bá a na aṣọ náà. Ìwà kan náà ni. Ṣùgbọ́n Alhaji yẹn, ó kéré tán, ó wà níbẹ̀.

Ìyẹn ni mo ń bọ̀ wá bá. Ní ọjọ́ kejì, àárín Dublin la ti fẹ́ sùn, nínú gbọ̀ngán kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ìdíje eré bọ́ọ̀lù wọn kan wà nínú ìlú, kò sì sí yàrá kan ṣoṣo ní hòtẹ́ẹ̀lì tí èèyàn bíi tiwa lè dá lábàá. Nígbà tí a wọlé, oòrùn ṣì wà lókè dáadáa, àpò sì ti kún orí fóòmù látòkè délẹ̀. Àwọn tó dé pẹ̀lú wa jókòó sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri: àgbẹ̀ àgbàlagbà kan tó ti bọ́ bàtà rẹ̀, àti tọkọtaya ọ̀dọ́ kan láti Pólándì. Àmọ́ àwọn tó ni àpò, mi ò rí wọn. Mo rí obìnrin kan tó ń sáré jáde, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́," mo ní, "níbo ni gbogbo yín ń lọ?"

"Ilé," ó dáhùn. "Blanchardstown ni mò ń gbé, kò jìnnà. Màá lọ wẹ̀, màá sùn, màá sì padà láàárọ̀. Àwọn kan ti wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Adamstown."

"Ta ni yóò wá sùn síbí yìí?"

Ó wo fóòmù rẹ̀, ó wò mí. "Àpò mi wà níbẹ̀," ó wí, ohùn rẹ̀ sì tutù pẹ̀lẹ́, bí ìgbà tí èèyàn bá ń ṣàlàyé nǹkan fún ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ó sì lọ.

Nígbà tí mo yíjú padà, ọkùnrin onílé títà ti ń bá aládùúgbò mi sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò rẹ̀ níta. Ó ti rí orúnkún yẹn. "Màá gbé e yín lọ sílé ní Rush báyìí," ló ń sọ, "ẹ ó sùn sórí bẹ́ẹ̀dì yín, màá sì gbé e yín padà láàárọ̀ sí orí ibi tí ẹ dúró sí yìí gan-an. Ẹ lè fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Kò sí ìyàtọ̀ kankan. Gbogbo èèyàn ló ń ṣe é."

Aládùúgbò mi ti gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn mọ́tò náà. Ẹsẹ̀ kan ló fi dúró. Ó wò mí, ojú rẹ̀ sì pọ́n. "Tíṣà," ó ní, "tí mo bá tún sun orí àga lónìí, mi ò ní lè dìde lọ́la. Tí mo bá wọ mọ́tò yìí, ó ti parí nìyẹn. Kí ni kí n wí fún ẹ̀gbọ́n mi?"

Mi ò sọ fún un pé kó má wọ mọ́tò náà. Ẹ̀jẹ́ rẹ̀ ni, orúnkún rẹ̀ ni. Mo kàn ní, "Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀," mo sì padà sínú gbọ̀ngán.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti pọn omi ẹ̀rọ rí ní àdúgbò wa mọ òfin yìí. Garawa lè tò fún ọ nígbà tí omi kò tíì yọ. O lè lọ sílé, o lè lọ dá iná ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí omi bá yọ, tó kan garawa rẹ, a ó pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Tí o kò bá jẹ́, a ó gbé garawa rẹ sí ẹ̀gbẹ́, ẹni tó wà níbẹ̀ yóò pọn. Kò sí ìjà níbẹ̀. Àwọn ọmọdé pàápàá mọ̀ ọ́n. Ó yà mí lẹ́nu pé ìlú tó lówó tó báyìí kò ní irú òfin bẹ́ẹ̀.

Mo dúró sí iwájú fóòmù àkọ́kọ́. Mo lo ohùn tí mo fi ń pe kíláàsì lẹ́yìn ìsinmi.

"Àpò pupa! Olóhun dà?"

Gbogbo wọn gbójú sókè.

"Àpò pupa! Olóhun dà? Ẹ̀ẹ̀kejì nìyí. Àpò pupa!"

"Ó ti lọ sí Adamstown, Tíṣà!" àgbẹ̀ náà ké láti ẹ̀gbẹ́ ògiri.

"Ẹ ṣeun, sà." Mo gbé àpò pupa lọ sórí pèpéle, mo gbé e kalẹ̀ dáadáa, mo nà án gbọọrọ kó má bàa rún. "Àpò aláwọ̀ ewé! Olóhun dà?"

"Ó ń wẹ̀ nínú ilé rẹ̀," ọkọ ará Pólándì náà wí, ìyàwó rẹ̀ sì fọwọ́ bo ẹnu.

"Ó ń fi ṣáńpù sí irun," àgbẹ̀ ní. "Ẹ pe èyí tó kàn!"

Ìgbà tí mo dé orí ìkẹrin ni ọkùnrin onílé títà sáré wọlé. "Màdáámù, ẹ ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti gba àwọn fóòmù yẹn."

"Ta ló gbà wọ́n?"

"Àwọn tó ni àpò."

"Ẹ bá mi pè wọ́n. Ohùn tiyín lè dé ọ̀dọ̀ wọn jù tèmi lọ." Mo dúró dè é. Ó wo fóònù rẹ̀ kan, ó wo èkejì. "Ọ̀gá, ẹ má bínú sí mi," mo ní, "mi ò lé ẹnikẹ́ni kúrò lórí ibùsùn. Kò sí ẹnikẹ́ni lórí ibùsùn. Àpò kò ní orúnkún."

Ó ní òun ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Mo ní mo gbà pé kò gbọ́ ọ rí. Àgbẹ̀ náà ti na ara sórí fóòmù, ó ti di ojú, ibọ̀sẹ̀ rẹ̀ lórí ìrọ̀rí ẹlòmíràn. Mo bá a gbé ìrọ̀rí náà kúrò, nítorí àṣejù kò dára.

Nígbà tí mo bojú wo ẹnu ọ̀nà, aládùúgbò mi dúró níbẹ̀, ó fara ti férémù. Ó ti fi mọ́tò sílẹ̀ níta. Ó tiro wá síbi fóòmù tí àpò aláwọ̀ ewé ti kúrò, ó jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sórí àpò tèmi, ó sì sùn kí n tó kírun Àsárì tán ní igun gbọ̀ngán.

Láàárọ̀, àwọn olóhun padà dé, wọ́n mọ́ tónítóní, wọ́n ń ta sánsán bí ọṣẹ. Wọ́n bá àpò wọn lórí pèpéle, a tò wọ́n láti orí kékeré dé ńlá. Ará Blanchardstown yẹn ní ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ gbáà ni. Mo kí i káàárọ̀. Mo bi í bóyá ó sùn dáadáa, nítorí mo fẹ́ mọ̀ lóòótọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, ní gbọ̀ngán tó kàn, kò sí ẹni tó lọ sílé nínú wọn. Ọ̀pọ̀ wọn ló sùn ti àpò wọn, wọ́n dì í mú gírígírí, wọ́n ń kérora pé ilẹ̀ le. Àwọn mìíràn bínú lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì lẹ́yìn ìlú, ìyẹn sì mú kí fóòmù ṣẹ́ kù fún wa. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí púpọ̀ nínú wọn rin ìrìn náà lóòótọ́.

Orúnkún náà kò sàn. Ó kàn gbà láti rìn ni. Àwa la kẹ́yìn gbogbo wọn. Nígbà tí a dé ibi kànga, fadá ti ṣe Máàsì tán, wọ́n ti ká àsíá tí ọkùnrin onílé títà náà fi ń ṣáájú ìrìn, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ àyàfi àgùntàn méjì. Aládùúgbò mi bu omi náà mu. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ohùn arúgbó yẹn le débi pé mo ń gbọ́ ọ láti ibi tí mo dúró sí.

"Ṣé o wọ mọ́tò?"

"Rárá."

"Kódà díẹ̀?"

"Mo gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn rẹ̀. Mi ò wọ̀ ọ́."

Mo gbọ́ bí ibùsùn rẹ̀ ṣe ń dún.

"Ó dáa," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí, ohùn rẹ̀ sì ti rọ̀. "Kí lo wá dúró ṣe níbẹ̀? Wọ bọ́ọ̀sì, kí o máa bọ̀ nílé, òmùgọ̀."

Aládùúgbò mi dá fóònù padà fún mi, ó nu ojú rẹ̀, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibùdókọ̀.