Oògùn Tó Ń Wọkọ̀ Lọ sí Ẹjìgbò

Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń ta oògùn ní famasí kan ní Zone 4, ní Abíjàn níbí. Gbogbo ayé ló ń gba iwájú mi kọjá. Ibà tó mú ọ̀gá ará Lẹ́bánọ́ọ̀nù tó gbé ọkọ̀ bọ̀gìnnì wá, òun náà ló mú ọmọ Mọ̀sí ará Burkina tó ń ru ẹrù ní èbúté Vridi. Mo ní ìwàásù kan tí mo máa ń ṣe fún gbogbo wọn ní Faransé, kò sẹ́ni tó ń bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀: "Oògùn yín, tiyín ni o. Ẹ má pín in fún ẹnikẹ́ni." Wọ́n á mirí, wọ́n á dúpẹ́. Èmi náà á máa rò pé mo gbọ́n.

Àṣé ilé ni iṣẹ́ wà.

Ìyá mi ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tí àwa níbí ń pè ní tánsíọ̀n. Èmi pẹ̀lú wọn la jọ ń gbé ní Attécoubé, èmi ni mo sì ń gbé oògùn wọn wálé lóṣooṣù. Síbẹ̀, bí a bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, kàkà kí ẹ̀jẹ̀ náà wálẹ̀, òkè ló ń lọ. Dókítà fi kún oògùn lẹ́ẹ̀kan, ó fi kún un lẹ́ẹ̀kejì, inú màmá sì ń dùn bí ẹni tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn. Dókítà wá tẹjú mọ́ mi, ó ní bí kò bá wálẹ̀, rọpárọsẹ̀ ló kàn. Rọpárọsẹ̀ ló pa bàbá mi, mo mọ bó ṣe máa ń rí.

"Màmá, ṣé ẹ̀ ń lò ó?"

"Lójoojúmọ́! Ìgbà wo ni mo parọ́ fún ẹ rí?"

Ní ọjọ́ Sunday kan, màmá wà ní balùwẹ̀, fóònù wọn dún, mo gbé e. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin tó wà nílé ní Ẹjìgbò ni. Wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kí n kí wọn tán.

"Àbúrò mi, aṣẹkẹ dé o, Ọlọ́run á san án fún ẹ. Oògùn inú ẹ̀ náà dé. Àmọ́ òòyì yìí ò tíì lọ. Mo tún ṣubú lánàá."

Oògùn kẹ̀? Gbogbo wa la mọ̀ pé màmá máa ń di aṣẹkẹ gbígbẹ fún ẹ̀gbọ́n wọn, kí awakọ̀ tó ń lọ sí Nàìjíríà bá wọn gbé e. Oúnjẹ ẹ̀gẹ́ ni, kò sẹ́ni tó ń tú u wò ní bọ́dà. Èmi náà ò tú u wò rí.

Bí màmá ṣe jáde, tàwọn ti ìró láyà, mo ní kí wọ́n jókòó. Wọn ò jampata. Ọ̀bẹ ni wọ́n fi ń gé oògùn kọ̀ọ̀kan sí méjì. Wọ́n á gbé ìdajì mì, wọ́n á fi ìdajì sáàárín aṣẹkẹ.

"Òòyì tó kọ́ mi kí ẹ tó gbé mi lọ sí ọsibítù, òun náà ló ń kọ́ ẹ̀gbọ́n mi," wọ́n ní. "Ọmú kan náà la mu. Ohun tó bá ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ṣe. Ṣé kí n máa dá oògùn mì níbí, kí tèmi máa kú lọ nílé?"

Mo bínú! Mo bínú débi pé Faransé ni mò ń sọ, màmá ń fi Yorùbá dá mi lóhùn, títí obìnrin ará Burkina tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa fi yọjú, tó ń ní "Yako, yako", tó rò pé òkú ló kú. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. Òun náà ń fi oògùn ibà ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ nílé wọn ní Bobo.

Mo wá rántí gbogbo àwọn tó ń mirí fún mi ní famasí. Ta ló mọ iye ohun tí mò ń tà tó ń wọkọ̀ lọ sí Bamako, sí Lomé, sí Konakrí? Bí orí bá ń fọ́ èèyàn ẹni nílé, kò sí bọ́dà tó lè ní kí ẹni tó wà lókèèrè máa sùn dáadáa. Ó dùn mí pé mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Àmọ́ ìyẹn ò ní kí n jẹ́ kí màmá kú. Wọ́n sì ti fàáké kọ́rí: bí n bá dá ti ẹ̀gbọ́n wọn dúró, àwọn náà ò ní lò ó mọ́. Ni mo bá kọjú sí Ẹjìgbò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń bẹ ẹ̀gbọ́n wọn lórí fóònù pé kí wọ́n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Wọ́n ní kí làwọn fẹ́ lọ ṣe, nígbà tí oògùn Abíjàn wà lọ́wọ́ àwọn. Nígbà tó sú mi, mo ní màá wọkọ̀, màá la bọ́dà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọjá, màá sì pọ̀n wọ́n lọ síbẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n sì lọ.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n pè. Màmá fi fóònù sáàárín wa kí a lè jọ gbọ́.

Nọ́ọ̀sì ní kò sí ẹ̀jẹ̀ ríru kankan lára wọn. Ààwẹ̀ Mọ́ńdè àti Tọ́sìdeè tí wọ́n ń gbà láìjẹun kánú ló fa òòyì àkọ́kọ́. Àtìgbà tí oògùn ti wọ̀ ọ́, òun ló ń fa ẹ̀jẹ̀ wọn wálẹ̀, òun ló ń gbé wọn ṣubú.

Màmá figbe ta. "Yéè! Ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ ara mi pa yín!"

"Dákẹ́, má sunkún. Mo ti mọ̀ tipẹ́ pé kò bá mi lára mu."

"Ẹ mọ̀, ẹ sì ń lò ó?" Èmi ni mo bi wọ́n bẹ́ẹ̀.

"Gbogbo ẹ̀ ló jẹ́ ìlàjì, mo ń rí ojú ọ̀bẹ lára ẹ̀. Ohun tí àbúrò mi yọ lẹ́nu ara ẹ̀ fún mi, báwo ni mo ṣe fẹ́ dà á nù?"