Àbẹ́là Tó Kẹ́yìn

Tí mo bá rí àbẹ́là, obìnrin tá a jọ gbé ilé ní Al Khan, nílẹ̀ Lárúbáwá, ló ń wá sí mi lọ́kàn, inú mi kì í sì í dùn. Yàrá wa tó kọjú sí omi ló fẹ́ gbà lọ́wọ́ wa. Ilé oúnjẹ àwọn ará Japan ní Karama ló ti kọ́ eré kan: wọ́n á tan àbẹ́là rẹpẹtẹ, ẹni tó bá sọ ìtàn iwin tán á fẹ́ ọ̀kan pa. Tí ìkẹyìn bá kú, iwin á wọlé.

Lọ́sàn-án Jímọ̀, á fa kọ́tìnì, á kó wa jọ, á rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni ń báni kẹ́dùn. Gbogbo iwin tirẹ̀, ìdí fèrèsé wa ni wọ́n ń dúró sí. Ọmọ-ọmọ mi ò sùn mọ́, ìyá rẹ̀ sì fẹ́ fi yàrá náà sílẹ̀ fún obìnrin náà.

Lọ́jọ́ kan, ó ku ẹyọ àbẹ́là kan. Obìnrin náà ní, "Khalas, ó tó. Ẹ má pa ìyẹn o, Mama."

Mo ní, "O ti ń pe iwin láti àárọ̀. Jẹ́ kó wọlé kó jókòó."

Mo fi itọ́ ra ìka, mo fi pa á. Ẹnì kan ké, "Yéè, ìyá mi o!" ó sì dì mọ́ mi. Nígbà tí wọ́n tanná, obìnrin náà ni. Ọmọ-ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí.

Mo já ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára mi. Mo ní, "Yalla, máa lọ sí yàrá ẹ." Àwa náà lọ sí tiwa.