Ìgbà Tí Ìyá Mi Wà Nínú Opó

Ní ayé ìjọba Faransé, tí mo ṣì jẹ́ ọmọdébìnrin ní Kambolé, ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nígbà tí kì í ṣe àkókò nǹkan oṣù rẹ̀. Kò dùn ún. Ohun tó ká a lára ni pé kò jẹ́ kó kírun bó ṣe yẹ. Torí ìrun yìí ni bàbá mi ṣe mú un lọ sí ilé ìwòsàn ní Sokodé, èmi náà sì tẹ̀ lé wọn. A fẹsẹ̀ rìn dé Tchamba, ibẹ̀ la ti wọ ọkọ̀ akẹ́rù tó kó iṣu.

Dókítà òyìnbó fi oògùn olómi pupa kun ẹnu ilé ọmọ ìyá mi. Nọ́ọ̀sì tó ń túmọ̀, ọmọ Yorùbá láti Tchamba, ló ṣàlàyé fún wa.

“Ìyá, gbogbo ibẹ̀ ló gba àwọ̀ oògùn yìí, àfi ojú kan. Kò tíì di àrùn o, ṣùgbọ́n bí a bá fi í sílẹ̀, ó lè di èyí tó ń pani. Tí iṣu tuntun bá dé, kí ẹ padà wá. Bó bá ṣì wà níbẹ̀, dókítà á gé e kúrò.”

Ìyá mi rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé òun ti di aṣọ tí wọ́n ń pa láró ni. Bàbá mi ò rẹ́rìn-ín. Jálẹ̀ ọ̀nà ló ń sọ pé òun fúnra òun ni yóò mú un padà.

Iṣu tuntun dé, ibà pa bàbá mi. Ìyá mi wọ opó, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá nínú ilé, bí àwa Mùsùlùmí ṣe ń ṣe é. Nígbà tó dárúkọ Sokodé, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ló dá a lóhùn.

“Ìyàwó wa, ṣé inú ọkọ̀ akẹ́rù, láàárín àwọn ọkùnrin, ni kí wọ́n ti rí ọ, tí ilẹ̀ sàréè ọkọ rẹ ò tíì gbẹ? Ṣé ó ń dùn ọ́ ni?”

Ìyá mi ní rárá. Bí ọ̀rọ̀ ṣe parí nìyẹn. Wọn ò sì ṣe é níkà: wọ́n ń pọnmi fún un, ẹran tó dára jù nínú ọbẹ̀, òun ni wọ́n ń bù ú fún. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú.

Kó tó jáde nínú opó, ẹ̀jẹ̀ ti dá. Gbogbo ilé dúpẹ́, kò sẹ́ni tó dárúkọ Sokodé mọ́. Ẹni tó ní òun yóò mú un padà sì ti wà nínú ilẹ̀. Ọdún ń gorí ọdún.

Mo ti wà nílé ọkọ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ náà padà dé, tòun ti ìrora. Èmi ni mo gbé e lọ sí Sokodé. Dókítà mìíràn la bá. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó fọwọ́, ó ní kò sí ohun tí òun lè gé mọ́. Mo sunkún títí a fi dé Tchamba.

Àáfà àgbà wá kí i lórí ẹní. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ròyìn fún un pé opó ni kò jẹ́ kó padà lọ nígbà náà. Àáfà bi í léèrè.

“Ta ló ní opó kò gbọdọ̀ lọ gba ìtọ́jú? Ẹ̀sìn ò dí aláìsàn lọ́nà. Ilé mi ò jìnnà, ẹ ò bi mí.”

Abèèrè kì í ṣìnà, àwọn àgbà ilé wa ló kọ́ mi. Àwọn náà ni kò béèrè.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi bú sẹ́kún. Ìyá mi tó ń kú lọ ló nawọ́ láti orí ẹní, tó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi.

“Ọmọ mi, má bá ẹnikẹ́ni bínú nítorí mi o. Wọn ò mọ̀ ni.”

Mo ní mo ti gbọ́. Mi ò sọ pé mo gbà.